Nọ́ńbà Ni àbí Ọ̀rọ̀? Ìtàn Àpótí inú Excel

Ẹni tí kò jókòó ṣe ìdánwò lè yege nínú Excel, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan máàkì rẹ̀. Ohun tó fà á ti wà kí wọ́n tó bí àwa tí a ń kọ èyí.

Ní ọdún 1978, Dan Bricklin, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard Business School, ronú pé ó yẹ kí kọ̀ǹpútà máa tún ìṣirò ṣe fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá yí nọ́ńbà kan padà. Òun àti Bob Frankston ṣe VisiCalc, tó jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II ní ọdún 1979. Nínú VisiCalc, bọ́tìnnì àkọ́kọ́ tí èèyàn bá tẹ̀ ló ń sọ ohun tí àpótí máa gbà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà, iye ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi "1979" ṣe àkọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ àmì àyọlò. Lotus 1-2-3, tó jáde ní ọdún 1983, lo àmì ' fún irú iṣẹ́ yìí, Excel náà sì ń lò ó títí dòní: ẹ tẹ̀ ẹ́ ṣáájú nọ́ńbà fóònù, òdo iwájú rẹ̀ kò ní sọnù. (Àwa tí nọ́ńbà wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 mọ ìyà náà.)

Gbogbo èyí rọrùn nígbà tó jẹ́ èèyàn ló ń tẹ nǹkan sínú àpótí. Ní ọdún 1993, Excel 5 mú VBA wọlé, èdè tí ẹni tó ń lo Excel lè fi kọ function tirẹ̀. Ká ní a kọ ọ̀kan tó ń ro máàkì tẹ́ẹ̀sì pọ̀ mọ́ ti ìdánwò, tó sì ń kọ "Kò wá" bí àpótí ìdánwò bá ṣófo. A ní láti sọ irú èsì tó máa mú wá. Bí a bá kọ As Double, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. "Kò wá" á di #VALUE!. As String tún burú jù ú lọ, torí pé kì í pariwo: 62 á di ọ̀rọ̀ tó jọ nọ́ńbà, SUM á fò ó, àpapọ̀ á sì dín. Ohun tó ń dani lójú rú ni pé =C2+C3 á ṣiṣẹ́, nítorí àmì + máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ di nọ́ńbà kó tó rò ó.

As Variant ló gba méjèèjì: 62 á jẹ́ nọ́ńbà, "Kò wá" á jẹ́ ọ̀rọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin bá gba 62, 48, 55 àti 71, tí ẹnì karùn-ún kò sì wá, AVERAGE á pín 236 sí ọ̀nà 4, á fún wa ní 59. Bí ó bá jẹ́ 0 ni a kọ fún ẹni tí kò wá, 47.2 ni.

Ṣùgbọ́n ibí gan-an ni ẹni tí kò jókòó ti ń rí ọ̀nà gbà. Bí Excel bá ń fi nọ́ńbà wé ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ló máa ń kà sí èyí tó tóbi jù, bó ti wù kí nọ́ńbà náà pọ̀ tó. Nítorí náà, =IF(C2>=40,"Ó yege","Kò yege") á wo "Kò wá", á ní ó ju 40 lọ, á sì kọ "Ó yege". Kò sí àmì àṣìṣe kankan. Nínú ìwé èsì tó ní igba orúkọ, ta ni yóò rí i?

Àwọn kan fẹ́ràn CVErr(xlErrNA), tó ń gbé #N/A jáde dípò ọ̀rọ̀. Ìyẹn ń pariwo dáadáa, àmọ́ ó ń ba SUM àti AVERAGE jẹ́ pẹ̀lú. AGGREGATE, tó dé pẹ̀lú Excel 2010, lè fò ó. Fún ìwé èsì, ohun tó tẹ́ àwa lọ́rùn ni kí a kọ́kọ́ bi Excel bóyá nọ́ńbà ni:

=IF(ISNUMBER(C2),IF(C2>=40,"Ó yege","Kò yege"),C2)

"Kò wá" á dúró níwájú orúkọ ẹni tí kò wá, ọ̀gá tó fẹ́ buwọ́ lu ìwé náà á sì rí i kà.