Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kú, Ó Fọmọ Rọ́pò: Ìtàn Koríko Abẹ́ Omi ní Virginia

Koríko tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní gbòǹgbò, ó ń yọ òdòdó, ó sì ń so èso bíi ti oko gẹ́lẹ́, àmọ́ inú omi iyọ̀ ló ń gbé. Eelgrass ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Àárín rẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Òun náà ló ń di ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi mú kí ìgbì má baà gbé e lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, àrùn kan jà káàkiri etí òkun Àtìláńtíìkì. Labyrinthula, ohun ẹlẹ́mìí kékeré tí ojú lásán kò lè rí, ló fà á. Ewé á dúdú, á sì kú. Wọ́n ṣì ń wí, ìjì líle tún dé bá Virginia ní August 1933. Ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ni igi tún wó lù! Koríko etíkun ìlà-oòrùn ibẹ̀ run pátá. Scallop, ẹran oníkarahun tí àwọn apẹja ń tà, bá a lọ. Òwò kú. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí ìsàlẹ̀ omi náà fi ṣófo.

Kí ló dé tí kò padà? Àrùn kọ́ mọ́, omi sì mọ́. Irúgbìn ni kò sí! Èso rẹ̀ kì í sábà rìn jìnnà sí ìyá rẹ̀.

Láti 1999, Robert Orth àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Virginia Institute of Marine Science bẹ̀rẹ̀ sí í kó èso láti Chesapeake Bay, wọ́n ń fọ́n ọn sómi bí àgbẹ̀ ṣe ń fúnrúgbìn. Ní 2020, wọ́n jábọ̀: èso tó lé ní mílíọ̀nù 70, lórí hẹ́kítà 213, ti di pápá tó tó hẹ́kítà 3,612. Ènìyàn gbin díẹ̀, koríko gbin ìyókù fúnra rẹ̀. Wọ́n tún dá scallop padà síbẹ̀. Nígbà tí ooru pa púpọ̀ nínú rẹ̀ ní South Bay ní 2015, ó tún hù.

Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tíì jó. Ìgbín kékeré kan, Lottia alveus, wà ní ìhà àríwá etíkun yẹn, tó jẹ́ pé orí ewé yìí nìkan ló ń gbé. Àrùn yẹn ló pa ilé rẹ̀ run, a ò sì rí i mọ́ láti ìgbà náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá lọ́mọ ló ń rọ́pò, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú irúgbìn kó tó tán.