Iyọ̀ Jíjẹ àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru ní Agbègbè Asejire

Iyọ̀ wà lára ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà ru jù lọ. Sódíọ̀mù inú rẹ̀ ni ara ń lò kí iṣan àti ọkàn lè ṣiṣẹ́, ìwọ̀nba ló sì ń fẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan péré, àti ti ọbẹ̀, àti ti búrẹ́dì, àti ti ìpanu. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ló ń wọ ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn kárí ayé.

Kíndìnrín ló ń lé àṣẹ́kù iyọ̀ jáde nínú ìtọ̀. Bí ó bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, iyọ̀ á fa omi mọ́ra sínú ẹ̀jẹ̀. Òǹgbẹ á gbẹ èèyàn, á mu omi sí i, ẹ̀jẹ̀ á sì pọ̀ nínú òpó tí kò fẹ̀ sí i. Ọkàn á wá máa fi agbára tì í. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ á le, kíndìnrín fúnra rẹ̀ á bàjẹ́, rọpárọsẹ̀ kò sì jìnnà mọ́. Láti 140/90 sókè ni wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ tó ní in ni kò sì mọ̀, torí kì í dun èèyàn.

Wo ìpanu, bí àpẹẹrẹ: lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ẹja tútù ni wọ́n mọ Asejire mọ́, dòdò ni wọ́n mọ Ìkirè mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rà ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí kún fún pọ̀táṣíọ̀mù, èyí tó ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti lé sódíọ̀mù jáde. Ó ṣeni láàánú pé iyọ̀ tí wọ́n bù sí i ń dín oore náà kù, adùn àti ata kì í sì í jẹ́ kí ẹnu fura.

Ẹni tí dókítà bá ní kó dín iyọ̀ kù sábà máa ń gbé ike iyọ̀ pamọ́, kó wá fi magí rọ́pò. Nínú horo magí kan, ó sábà máa ń ju ìdajì lọ tó jẹ́ iyọ̀. Káún tí wọ́n ń sọ sí ewédú àti ẹ̀wà náà kún fún sódíọ̀mù, bí kò tiẹ̀ dùn bí iyọ̀.

Àwọn kan gbà pé àbímọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru fún aláwọ̀ dúdú. Òótọ́ ni pé iyọ̀ tètè ń mú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa ru, ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní 1997, tí àwọn onímọ̀ Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ síbẹ̀. Ìran Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan náà ni wọ́n yẹ̀ wò: ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí, 26 ní Kàríbéánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìsanra àti oúnjẹ ló pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dín iyọ̀ àwọn kan kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní Nàìjíríà àti Jàmáíkà, iye òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn (irú 140 inú 140/90) fi nǹkan bíi 5 wálẹ̀, láìlo oògùn.

Iyọ̀ tí wọ́n fi pọ̀táṣíọ̀mù lú ti wà lọ́jà báyìí, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀, àmọ́ ó léwu fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá pé.