GBÀǸJO ÀTI ỌKÀN ẸNI TÍ Ń RÀ

Ẹni tí ó bá kọjá ní Sábó ní ìrọ̀lẹ́ kò lè ṣàì gbọ́ igbe "Gbàǹjo! Gbàǹjo!" láti ẹnu àwọn tí ń ta aṣọ àti bàtà. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kò ju ọjà pọ́ọ́kú lọ. Ṣùgbọ́n gbàǹjo gan-an ni ọjà tí a gbé síwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí olúkúlùkù ń fi owó lé owó, títí a ó fi kan òòlù fún ẹni tí owó rẹ̀ ga jù lọ. Lórí èyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àti lórí ohun tí ó máa ń ṣe ọkàn ẹni tí ń rà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kíyèsí ìyàtọ̀ kan. Nígbà tí obìnrin kan bá ń ná ẹja, òun àti ẹlẹ́ja ni ó dojú kọ ara wọn. Bí owó bá pọ̀ jù, yóò kọjá sí ìsọ̀ mìíràn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Nínú gbàǹjo, ẹni tí ń tà dákẹ́. Àwọn tí ń rà ni ó ń bá ara wọn jà. Ẹni tí ó wá ra àga kò wo àga mọ́, bí kò ṣe ojú ẹni tí ó fẹ́ gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ọdún 193, àwọn ẹ̀ṣọ́ Romu pa ọba wọn, Pertinax, wọ́n sì gbé ìtẹ́ sí gbàǹjo. Sulpicianus dé 20,000 owó sẹ́stásì fún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan. Didius Julianus fò ó lẹ́ẹ̀kan náà sí 25,000, a sì fi í jọba. Lẹ́yìn ọjọ́ 66, a pa á. Ó borí ẹni tí ó bá a díje, ṣùgbọ́n kò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àwọn tí ń tà á lè dáàbò bo ohun tí wọ́n tà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìtàn tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá mú ọkọ̀ akẹ́rú lójú òkun, wọn a mú un wá sí Freetown ní Sàró; bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, a ó ta ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀ ní gbàǹjo. Ohun ìbànújẹ́ ni pé àwọn aṣojú onísòwò ẹrú a máa tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rà, kí wọ́n lè padà lọ kó ènìyàn. Nítorí náà ni àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì ti ọdún 1835 fi pàṣẹ pé kí a máa fọ́ àwọn ọkọ̀ náà sí wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa tí a gbà sílẹ̀, tí a ń pè ní Akú níbẹ̀, wà nínú àwọn tí ó dúró ní gbàǹjo náà. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra ẹrù, wọ́n sì ń tà á ní ẹyọ ẹyọ. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n ra ọkọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1839 ni àwọn kan nínú wọn sì bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé Àgbádárìgì. Ọkọ̀ tí ó ti ń kó ọmọ lọ sí oko ẹrú ni ó kó ọmọ padà wá sílé. Lójú tèmi, ẹni tí owó ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fi ìbínú ná an, ẹni tí ó sì mọ ibi tí òun ń lọ kì í dù ohun tí kò lè gbé e débẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wádìí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1971, Capen, Clapp àti Campbell, tí wọ́n jẹ́ oníṣẹ́ epo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá fojú díwọ̀n iye ohun kan náà, àwọn kan yóò fi ojú kéré e, àwọn kan yóò sì gbé e ga jù; ẹni tí ó gbé e ga jù lọ ni yóò sì rà á. Nítorí náà ìṣẹ́gun rẹ̀ lè jẹ́ àmì àṣìṣe rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, ìjọba wa gbé ìwé àṣẹ tẹlifóònù alágbèéká sí gbàǹjo ní Àbújá. A bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là mílíọ̀nù 100. Ó ga títí dé mílíọ̀nù 285. MTN àti Econet san tiwọn. Ilé-iṣẹ́ kẹta, CIL, borí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn dé lórí ìgbì afẹ́fẹ́ tí a fi fún un. Kò san owó náà pé ní àkókò tí a dá, ó sì pàdánù ìwé àṣẹ àti ìdógò mílíọ̀nù 20. Síbẹ̀ MTN jèrè lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Sábó sì ń jẹ nínú ìbùkún rẹ̀. Nítorí náà owó ńlá nìkan kọ́ ni ìwà òmùgọ̀; àìmọ ohun tí a ń rà ni.

A ní gbàǹjo tiwa pẹ̀lú ní ọjọ́ Ìkórè, níbi tí iṣu kan lè gba owó ogún iṣu. Ẹni tí ó san án tayọ̀tayọ̀ kò ṣìnà, nítorí ẹ̀bùn ni ó mú wá, kì í ṣe iṣu ni ó rà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ lé e, kí ará ìjókòó kejì má baà borí rẹ̀, kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn. Ojú ayé ni ó rà, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì san án.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ti ilé mọ iye tí apá rẹ̀ ká, kí ó sọ ọ́ fún aya tàbí ọkọ rẹ̀, kí ó tó jáde. Bí wọ́n bá kọjá iye náà, kí ó rọra jókòó. Àwọn àgbà ti wí pé ṣe-bí-o-ti-mọ kì í tẹ́.