Orúkọ Méjì tí Igi Òkè-Ògùn Ń Jẹ́

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ igi lórúkọ, àmọ́ ilé tí wọ́n wò kò jọra. Láti Ilua ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà títí dé Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, igi ní orúkọ tí àwọn baba ńlá Yorùbá sọ ọ́, ó sì ní èyí tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko mọ̀ ọ́n sí káàkiri àgbáyé. Ìwé tí Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, gbé jáde lọ́dún 1753 ló fi ẹsẹ̀ irú orúkọ alápá méjì bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, ní èdè Látìnì.

Irúgbá, tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, ni wọ́n ń pè ní Parkia biglobosa. Mungo Park, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland tó kú sínú Odò Ọya ní Bussa, nílẹ̀ Bọ̀rgú, lọ́dún 1806, ni Robert Brown fi orúkọ náà ṣe ìrántí rẹ̀. Igi òrí náà ti jẹ́ Butyrospermum parkii rí, ìyẹn ‘hóró bọ́tà ti Park’, kí ó tó di Vitellaria paradoxa.

Adansonia digitata ni oṣè. Michel Adanson, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé ní Senegal, ló ni apá kìíní. ‘Digitata’ ń sọ pé ewé rẹ̀ pín bí ìka ọwọ́. Akòko tí à ń fi joyè ni Newbouldia laevis, orúkọ àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó fẹ́ràn ewéko.

Nígbà mìíràn, ojú kan náà ni wọ́n fi wo ewé. Patanmọ́, tó máa ń pa ewé dé bí a bá fọwọ́ kàn án, ni Mimosa pudica. Onítìjú ni ‘pudica’.

Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe àìyípadà. Ní 2024, ìpàdé àgbáyé àwọn onímọ̀ ewéko ní Madrid dìbò láti tún orúkọ tó lé ní 200 ṣe, nítorí pé ‘caffra’ tó wà nínú wọn jẹ́ èébú fún aláwọ̀ dúdú. ‘Affra’, tó ń tọ́ka sí Áfíríkà, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Orúkọ Látìnì wúlò, nítorí pé ewé kan lè jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ láti ìlú dé ìlú, ẹni tó bá sì ṣi ewé já fún aláìsàn lè dá ẹ̀mí légbodò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oyè kò sí nínú Newbouldia, bẹ́ẹ̀ ni òórùn irú kò sí nínú Parkia. Ọmọ tó bá mọ Látìnì tí kò mọ irúgbá ti sọ ogún nù.