Láti ṣítúdíò Bamako dé lẹ́ǹsì 18-55: Kí ni lẹ́ǹsì olówó pọ́ọ́kú lè ṣe ní tòótọ́?

Bí ẹ bá bi ọ̀dọ́ onífọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ní Accra, ní Kano tàbí ní Kútọnu, pé lẹ́ǹsì wo ló ń lò, ó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dá yín lóhùn. Èyí tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí ni. 18-55 ni wọ́n ń pè é. Ike ló pọ̀ jù lára rẹ̀, kò wúwo, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn lẹ́ǹsì tó kù. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ sì máa ń fún ẹni tó bá ní in ni pé kó tètè wá owó ra òmíràn.

Ṣé lóòótọ́ ni lẹ́ǹsì yìí kò dára? Èmi náà ti fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Mo ti bú u, mo sì ti rí owó oúnjẹ lára rẹ̀. Àmọ́ kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí, ó yẹ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí pé ìbéèrè yìí ti wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kí wọ́n tó ṣe lẹ́ǹsì náà rárá: kí ni ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ lè fi kámẹ́rà tó bá rí ṣe?

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Keïta máa ń yà wọ́n

Ní ọdún 1935, mọ̀lẹ́bí Seydou Keïta kan ti Senegal dé sí Bamako, ó sì fún ọmọ náà ní kámẹ́rà Kodak Brownie. Iṣẹ́ àga àti tábìlì ni Keïta ń kọ́ nígbà náà. Brownie kì í ṣe kámẹ́rà olówó. Nígbà tí Kodak kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1900, dọ́là kan péré ni wọ́n ń tà á, àpótí kékeré tó ní dígí kan ṣoṣo níwájú sì ni.

Ní 1948, Keïta ṣí ṣítúdíò tirẹ̀ sí àdúgbò Bamako-Coura. Kámẹ́rà ńlá tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń lò níbẹ̀, fíìmù rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18. Lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í fa ohun tó jìnnà súnmọ́ tòsí. Bí oníbàárà bá jìnnà jù, àga ni Keïta máa gbé síwájú. Keïta sábà máa ń ní kí oníbàárà yí ara sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀.  Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán nínú àgbàlá ló máa ń lò jù, aṣọ tí wọ́n fi ń bo bẹ́ẹ̀dì ilé rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà.

Fíìmù wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Keïta sábà máa ń ya ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí pé kí a wò ó bóyá ó dára, ká tún un yà. Ẹni tó wọ aṣọ àtàtà wá, tó yá aago ọwọ́ àti rédíò ṣítúdíò láti fi dúró, ẹ̀ẹ̀kan náà ni tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà yẹn ló gba fọ́tò tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ti fíìmù náà lọ. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé a kò fẹ àwòrán náà sí i rárá, àbùkù yòówù tí lẹ́ǹsì ìbáà ní, kò rí ọ̀nà gbà tóbi. Ní ọdún 1994 tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Fondation Cartier nílùú Paris, tí àwọn kan sì ń fẹ fọ́tò rẹ̀ dé ìwọ̀n ògiri lẹ́yìn náà, ni ayé tó rí i pé okùn inú gèlè pàápàá ṣeé kà nínú wọn. Ìwọ̀n fíìmù àti ìmọ́lẹ̀ àgbàlá ni mo kà sí ohun tó ṣe é, ju lẹ́ǹsì lọ.

Iná fíláàṣì lálẹ́ Bamako

Malick Sidibé, ẹni tó tẹ̀lé Keïta nínú òkìkí, kò dúró sínú ṣítúdíò nìkan. Brownie Flash ni kámẹ́rà tirẹ̀ àkọ́kọ́, ní 1956. Nígbà tí Mali gbòmìnira ní 1960, àwọn ọ̀dọ́ Bamako ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n ń jó láti alẹ́ mọ́jú. Sidibé á gun kẹ̀kẹ́ láti òde àríyá kan dé òmíràn, á yà wọ́n, á padà sí ṣítúdíò rẹ̀ ní Bagadadji láti fọ fíìmù, lẹ́yìn náà á lẹ àwọn fọ́tò kéékèèké síta kí àwọn tó jó wá mú tiwọn.

Fọ́tò tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, Nuit de Noël, ọdún 1963 ló yà á: ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin kan ń jó, orí méjèèjì tẹ̀ síra, ẹsẹ̀ ọmọbìnrin kò ní bàtà. Òkùnkùn ni gbogbo ẹ̀yìn wọn. Fíláàṣì ló gbà á. Nígbà tí iná bá bù yẹ̀rì báyìí, lẹ́ǹsì kò nílò kí ihò rẹ̀ ṣí gbàgà, ẹni tó ń jó sì dúró gbọnin nínú fọ́tò. Ní 2003, Sidibé gba ẹ̀bùn Hasselblad, ní 2007 wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀.

Ní ìlú Benin ní Nàìjíríà, Solomon Osagie Alonge ti dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní 1942, ó sì ya àwọn ọba àti ìjòyè ààfin Benin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọwọ́ ló fi ń kun àwọ̀ sára fọ́tò dúdú-àti-funfun. 

Dígí tó ń rìn nínú ikùn lẹ́ǹsì

Lẹ́ǹsì súùmù ti wà fún àwọn tó ń ṣe sinimá láti àwọn ọdún 1930. Ti kámẹ́rà fọ́tò oní-fíìmù kékeré pẹ́ kó tó dé. Ní 1959 ni Voigtländer ti ilẹ̀ Jámánì gbé Zoomar jáde, lẹ́ǹsì 36-82mm tí Frank Back ṣe ètò rẹ̀. Ó wúwo, ó sì wọ́n.

Ìṣòro ibẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Dígí mélòó kan ló wà nínú ikùn lẹ́ǹsì, ọ̀kan ń tún àṣìṣe èkejì ṣe. Bí wọn kò bá rìn, a lè tò wọ́n títí ohun gbogbo á fi gún. Àmọ́ nínú súùmù, bí ẹ ti ń yí i, àwọn kan ń lọ síwájú, àwọn kan ń fà sẹ́yìn. Ohun tí ẹ tún ṣe níbí á bàjẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin gbọ́dọ̀ fi dígí púpọ̀ sí i, dígí púpọ̀ sì ni owó púpọ̀.

Ọdún 1963 ni Nikon mú 43-86mm tirẹ̀ wá, ó kéré, ó fúyẹ́, tálákà oníṣẹ́ fọ́tò sì lè máa fojú sùn ún. Àwọn èèyàn rà á gan-an. Wọ́n sì bú u gan-an. Ẹ fi ya ilé, òpó ilé á tẹ̀. Ẹ kọjú rẹ̀ sí oòrùn, àwòrán á funfun bí ẹni da wàrà sí i. Títí di òní, àwọn tó ń kó kámẹ́rà àtijọ́ jọ ṣì ń pè é ní ọ̀kan lára àwọn tó burú jù lọ tí ilé iṣẹ́ náà ṣe. Síbẹ̀, òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ onífọ́tò pé lẹ́ǹsì kan lè ṣe iṣẹ́ méjì mẹ́ta. Ní 1976, Nikon tún inú rẹ̀ tò, ó sì sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ogójì ọdún lẹ́yìn 43-86, ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Canon kéde EOS 300D. Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 899 ni kámẹ́rà náà nìkan, 999 sì ni òun pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55. Ìyẹn ni pé ọgọ́rùn-ún dọ́là péré ni lẹ́ǹsì fi kún un. Nítorí pé ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà yìí kéré sí fíìmù, ohun tí 18-55 rí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti 29-88 orí fíìmù mu. Ẹ wo ìparí rẹ̀ dáadáa: 88 àti 86. Níbi tí lẹ́ǹsì tí wọ́n bú ní 1963 dúró sí náà ni tuntun yìí dúró sí.

Àgbàlá lọ́sàn-án, gbọ̀ngàn lálẹ́

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wò níbi iṣẹ́. Lọ́sàn-án, lábẹ́ òrùlé tàbí ìbòòji igi, tí ihò lẹ́ǹsì bá wà ní f/8, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé oníbàárà kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín 18-55 àti èyí tó wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Kì í ṣe nítorí pé ìyàtọ̀ kò sí. Ojú fóònù ni wọ́n ti ń wo fọ́tò, tàbí nínú áńbọ́ọ̀mù tí kò ju ìwọ̀n ọwọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ Keïta náà ló padà wá: àwòrán tí a kò fẹ̀, àbùkù rẹ̀ kò lè fẹ̀.

Tó bá kan fọ́tò ẹbí, ẹ ṣọ́ra fún 18. Ẹni tó dúró sí ìpẹ̀kun á sanra ju bó ṣe rí lọ, orí rẹ̀ á gùn, ẹni yẹn sì sábà máa ń jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n tí kò ní gbàgbé láéláé. Ẹ fà sẹ́yìn, kí ẹ yí i dé nǹkan bíi 30. Bí àyè kò bá sí, ẹ to àwọn èèyàn ní ìlà méjì. Tí ẹ bá fẹ́ ya ojú ẹnì kan ṣoṣo, 55 ni kí ẹ lò.

Alẹ́ ni àbùkù rẹ̀ hàn. Ní 18, ihò rẹ̀ lè ṣí dé f/3.5, àmọ́ bí ẹ bá fi dé 55, f/5.6 ni ibi tó lè ṣí dé. Lẹ́ǹsì 50mm kékeré tó ní f/1.8, tí òun náà kì í ṣe olówó ńlá, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, pẹ̀lú ISO 1600 tí í ṣe òpin 300D, ohun tí 50mm lè yà ní ìdá kan nínú 150 ìṣẹ́jú-àáyá, ìdá kan nínú 15 ni 18-55 máa fi yà á. Ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ lè là á já. Ẹni tó ń jó kò lè là á.

Mo mọ̀ nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìgbéyàwó kan ni, ní Kútọnu. Bàbá ìyàwó ń fi ọ̀pá rìn, gbogbo ẹbí ló sì mọ̀ pé kò ní jó. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí àríyá parí, orin kan bẹ̀rẹ̀, bàbá gbé ọ̀pá fún ọmọ rẹ̀, ó dìde. Fíláàṣì mi ti gbóná, kò tàn mọ́. Fọ́tò mọ́kànlá ni mo yà. Kò sí ọ̀kan tí ojú bàbá ti hàn kedere.

Ní 2007, irú 18-55 tó ń dènà kí ọwọ́ onífọ́tò gbọ̀n jáde, ó sì wúlò fún ilé àti fún ohun tí kò rìn. Kì í dá ẹni tó ń jó dúró.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì yìí ti lo ọdún mélòó kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ní àwọn ìlú etí òkun, ọ̀rinrin máa ń mú kí èbu hù sórí dígí, ó máa ń dà bí okùn aláǹtakùn funfun. Ẹ má rà á. Ní òkè lọ́hùn-ún, ní Kano tàbí Ouagadougou, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí pé bí ẹ ti ń fà á síwájú sẹ́yìn ló ń mí eruku sínú. Eruku díẹ̀ kò ba fọ́tò jẹ́. Ẹ yí súùmù náà, bó bá dá dúró níbì kan tàbí tó ń dún, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti ń wọ kámẹ́rà, torí pé ike ni, ó sì lè ti kán.

Mo ra 50mm lẹ́yìn ìgbéyàwó yẹn. Ìyàwó náà gba gbogbo fọ́tò rẹ̀, títí kan mọ́kànlá tí kò dára yẹn, ó ní òun ṣì fẹ́ wọn. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kọ́ ògiri pálọ̀: bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá kí wọ́n tó lọ sí àríyá, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀pá wà láàárín orúnkún rẹ̀, ó ń wo ẹnì kan tó ń bọ̀. 18-55 ni mo fi yà á.