Ariwo

Ariwo (ọ̀rọ̀-orúkọ). Lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ariwo kì í ṣe ohun tí etí ń gbọ́ nìkan. Iná mànàmáná tí a kò fẹ́, tó yọ́ wọlé tó sì ń da èyí tí ẹ̀rọ fẹ́ wọ̀n rú, ariwo ni.

Ojú fóònù ń mọ̀ pé ìka kàn án nípa wíwọn ìyípadà nínú iná tó ń gbà dúró. Ìyípadà yìí kéré púpọ̀, ó sábà máa ń wà lábẹ́ 1 pikofáráàdì. Ariwo díẹ̀ ti tó láti bò ó mọ́lẹ̀. Ṣájà tí kò dára wà lára ohun tó ń fà á.

Láti dín ariwo kù, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń jẹ́ kí ojú ọ̀nà iná kúrú, wọ́n ń wọn ìyípadà náà ní àwọntúnwọ̀n kí wọ́n tó gbà á gbọ́, wọ́n sì ń sá fún ìgbì tí ariwo wà lórí rẹ̀.

Bí ojú fóònù yín bá ń tẹ ara rẹ̀ lórí iná, ẹ kọ́kọ́ yọ ṣájà. Bí ó bá dẹ́kun, ẹ pààrọ̀ ṣájà, ẹ má náwó lórí ojú fóònù.