Òòfà Méjì Lábẹ́ Òjìji Kan

Ǹjẹ́ ìmọ́lẹ̀ wúwo? Bí kò bá wúwo, kí ni òòfà yóò rí fà lára rẹ̀?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, òṣùpá dí ojú oòrùn, òjìji rẹ̀ sì ti Brazil gba orí òkun wọ Làìbéríà. Ní Monrovia, níbi tí àdúgbò Duala wà lónìí, oòrùn kò bò tán; ṣùgbọ́n ní Cape Palmas, ní ìkángun gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ọ̀sán di òru fún ohun tí ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ibẹ̀ ni Louis Bauer, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, pàgọ́ sí. Òòfà tí ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ni òun wá wọ̀n. Òjìji náà kọjá lọ sí erékùṣù Príncipe, níbi tí Arthur Eddington àti Edwin Cottingham ti ń dúró. Òòfà tí ń mú èso já bọ́ sílẹ̀ ni ti àwọn.

Bí a bá pín dígíríì kan sí ọ̀nà 3,600, òfin Newton fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá yóò yẹ̀ ní 0.87 nínú wọn, bí a bá kà á sí ohun tí ó wúwo. Ní 1915, Einstein ní 1.75 ni. Ìkùukùu fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ Príncipe jẹ́, síbẹ̀ 1.61 ni wọ́n rí. Ní Sobral ní Brazil, ẹ̀rọ tí àwòrán rẹ̀ mọ́ jù lọ mú 1.98 wá. Ẹ̀rọ kejì níbẹ̀ mú 0.93 wá, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ṣú, wọ́n sì pa á tì; àríyànjiyàn tẹ̀lé e. Ìtànṣán rédíò tí a fi wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà fi ìdí ọ̀rọ̀ Einstein múlẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kò wúwo, ṣùgbọ́n oòrùn a máa tẹ òfuurufú àti àkókò tí ó yí i ká. Bí ọ̀nà bá wọ́, ẹni tí ń tọ̀ ọ́ yóò yà, ì báà ru ẹrù, ì báà má ru ú.

Orúkọ kan, òòfà, ni Yorùbá fi ń pe ohun tí Bauer wọ̀n àti ohun tí Eddington wọ̀n. Olùkọ́ tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, tí kò sì ṣàlàyé pé fífà kọ́ ni gbogbo òòfà, yóò fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ sínú ìbéèrè àkọ́kọ́ náà.